Àṣírí Tí Cecilia Gbé Gun Orí Pèpéle

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn yín, ẹ sún mọ́ ibí. Ọ̀rọ̀ yín ni mo mú wá.

Cecilia Ògúnlẹ́yẹ kì í ṣe olè. Kì í mutí, kò sì sí ẹni tó lè búra pé òun bá a níbi tí kò yẹ kó wà. Tíṣà ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Iléṣà. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ Bíbélì lórí bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: bí ó bá ṣe oore tí ẹnikẹ́ni kò rí i, inú rẹ̀ kì í dùn. Oore tí wọn kò pàtẹ́wọ́ sí, òfò ni lójú rẹ̀.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ní họlidé oṣù kẹjọ, ìjọ Cecilia kó àwọn ọmọ jọ sí àgọ́ Kristẹni ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n lò. Wọ́n kó bẹ́ǹṣì kúrò ní kíláàsì, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n sì fi olùtọ́jú kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Òun ni yóò máa sùn ní yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí yóò máa bá wọn gbàdúrà, òun náà sì ni ọmọ tí nǹkan bá ń dùn lọ́kàn yóò lọ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo Cecilia lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀! Ó fi ṣọ́ọ̀kì pa bàtà kánfáàsì rẹ̀ lára títí ó fi funfun báláú. Ó so fèrè mọ́ ọrùn bí ọlọ́pàá ojú títì. Ó wo Phebe, ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Ìwàrà tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú yàrá kejì, láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ní kí eléyìí wá?" Ó yínmú. "Àbí kòkó la fẹ́ wá sá níbí ni?"

Phebe gbọ́ ọ. Ó ń bá ọmọ kan tú irun rẹ̀ tó ti lọ́ pọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Òṣogbo. Fàtímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró dé ìgbọ̀nwọ́. Ó di ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ mú. Ó wo àwọn olùtọ́jú yíká, ó sì tọ Cecilia lọ, bóyá nítorí bàtà funfun yẹn ni.

"Tíṣà, ọmọ mi, ìwọ ni yóò máa sùn ní yàrá wọn?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá náà ní kí ọmọ lọ dúró ti ẹrù. Ó fa Cecilia sí abẹ́ igi máńgòrò.

"Raliat ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Ó ti yege, ó ti wọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì àwọn obìnrin. Tí ọdún bá yí, ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Àwọn ará ibẹ̀ ló ní kí àwọn ọmọ tuntun kọ́kọ́ wá sí àgọ́ yìí. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n mi ò janpata nítorí ìyẹn. Ohun mìíràn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ni, mà?"

Ìyá náà wẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ṣì máa ń tọ̀ sórí ẹní. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó gbọ́n bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n bí oorun bá ti gbé e lọ, kì í mọ̀. Bí o bá lè jí i lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti parí. Èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo fi àṣírí yìí hàn ọ́, kí ìwọ náà bá mi bò ó."

Cecilia kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Mà, bí ó ti bọ́ sí mi létí yìí, inú kànga ló bọ́ sí."

"Ọlọ́hun yóò bá ọ bo tìrẹ náà," ni ìyá náà wí. Ó padà sí Òṣogbo.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, Cecilia kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Oorun gbé òun náà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì bá Raliat tó jókòó lórí ẹní tútù, tí kò lè dìde. Àwọn ọmọ yòókù ti ń ta jí lójú oorun. Cecilia gbé garawa omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe bí ẹni fẹsẹ̀ kọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní náà.

"Ẹ gbà mí o! Mo ti rẹ Raliat jìnnìjìnnì!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì wo ẹní lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n dé odò, Raliat súnmọ́ ọn.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, ǹ bá má lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì yẹn mọ́. Àwọn tí à ń bá gbé yàrá yìí náà ni a jọ ń wọ ibẹ̀."

"Ta ni yóò sọ fún wọn?" ni Cecilia wí. "Gbàgbé ẹ̀."

Ibẹ̀ ni ìbá ti dúró. Oore tó dára jù tí Cecilia ṣe láyé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rí i. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lára gan-an nìyí.

Láti ọjọ́ náà, ó ń jí ọmọ náà kí àkùkọ tó kọ. Ẹní sì ń gbẹ. Ojú Raliat là. Ó sáré, ó gba ipò kìíní. Àwọn ọmọ ọlọ́ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàgbé ẹsẹ Bíbélì wọn, ọmọ alásálátù yìí ló ń rán wọn létí. Ìgbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní àárọ̀, ohùn rẹ̀ ló máa ń lọ sókè jù.

Ẹni tó jẹ́ olórí àgọ́ ni Olúwadára, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù dé. Jígí dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Gbogbo olùtọ́jú obìnrin ló ń tún ìró ró bí ó bá ti ń bọ̀. Ó ti ní kí wọ́n mọ̀ pé òun ń wá ẹnìkan tí yóò jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fún gbogbo ìjọ wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni náà ni yóò máa bá òun rìn láti ìlú dé ìlú.

"Àgọ́ tí kò ní ẹ̀rí," ó wí níbi oúnjẹ ọ̀sán, "àpèjẹ lásán ni. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn alàgbà ń bọ̀ láti Iléṣà. Ọ̀gá sẹ́kọ́ńdìrì àwọn obìnrin ń bọ̀. Àwọn òbí ń bọ̀. Kí ni Olúwa ṣe ní yàrá yín?"

Phebe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà ní yàrá rẹ̀, bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ látilé. Wọ́n ti ń jẹun nínú abọ́ kan báyìí, àwọn méjèèjì ló sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn.

"Ògo!" ni Olúwadára ké. Ó pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn gún Cecilia bí abẹ́rẹ́. Phebe? Phebe tó ń run èéfín kòkó?

"Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá tèmi ju ìyẹn lọ," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni?"

"Ìwòsàn ni, Bùrọ̀dá."

Olúwadára yọ jígí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Cecilia yóò rí ẹyinjú rẹ̀ nìyẹn. "Ìwòsàn! Sístà Cecilia, mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ìwọ yàtọ̀. Ìwọ ni yóò kẹ́yìn gbogbo wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ẹran tó dùn la fi ń kásẹ̀ oúnjẹ."

Cecilia rẹ́rìn-ín títí ó fi dé yàrá. Ìwòsàn wo? Ẹ bi í léèrè. Ìwòsàn tó jẹ́ pé bí kò bá tètè jí kí ó fi ẹsẹ̀ ta ọmọ ọlọ́mọ, kò ní ṣiṣẹ́!

Phebe bá a níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

"Sístà, ọmọ yẹn gbà pé kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ òun?"

"Ọmọ wo?"

"Mi ò mọ ọmọ wo. Mo kàn ní, ẹni tó ni ara ló ni ẹ̀rí."

"Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú," Cecilia pòṣé. "Lọ fọ abọ́ rẹ."

Ṣùgbọ́n ó pe Raliat sí ẹ̀yìn kíláàsì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fún un ní bisikíìtì. Ẹ kíyè sí i, kò fún un ní bisikíìtì rí.

"Raliat, lọ́la, wàá kàn dúró ti ẹ̀gbẹ́ mi ni. Màá ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà ọmọ kan ní yàrá wa. Ó parí."

Ọmọ náà dẹ́kun jíjẹ bisikíìtì. "Ẹ ò ní sọ nǹkan tó ń ṣe mí?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

"Ẹ ò ní sọ ọ́, àbí, Àǹtí?"

"Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kí ni yóò fi dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn? Ó ní òun fọkàn tán an.

Cecilia fi ìrọ̀lẹ́ lọ aṣọ, ó ń fi ọ̀rọ̀ dánra wò pẹ̀lú ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́. Níbo ni yóò ti gbé ohùn sókè? Níbo ni yóò ti nu ojú? Ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn fọnfọn. Kò jí Raliat. Ìgbà tí fèrè dún, ilẹ̀ ti mọ́.

"Àǹtí," ọmọ náà pè é ní ohùn wẹ́rẹ́. Ẹní rẹ̀ tutù rinrin.

"Pa ẹnu mọ́! Gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, fi ewé kókò bò ó."

"Ṣé a ṣì máa gun pèpéle?"

"Kí ló dé tí a ò ní gùn ún? O ti ń gbẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ọlọ́run kì í ka ẹ̀ẹ̀kan."

Ẹ gbọ́ olùtọ́jú ọmọ! Ó ti di ẹni tó ń bá Ọlọ́run ṣírò.

Ọjọ́ Àìkú náà kún. Òjò dá, oòrùn yọ díẹ̀. Wọ́n kan pèpéle pákó sábẹ́ igi, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn alàgbà jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀gá sẹ́kọ́ńdìrì, obìnrin gíga kan tó dé fìlà olókùn. Àwọn òbí wà lẹ́yìn. Cecilia rí Ìyá Fàtímọ̀ láàárín wọn, ìborùn funfun lórí rẹ̀, ó sì ń juwọ́ sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ó yẹ kí ọwọ́ yẹn dá a dúró. Ìdùnnú ló jẹ́ fún un. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé inú ìyá náà yóò dùn láti rí ọmọ rẹ̀ lórí òkè.

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì láti yàrá Phebe kọ́kọ́ gun òkè. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ara wọn fúnra wọn. Ìyá ọ̀kan dìde, ó lọ dì mọ́ ìyá èkejì. Àwọn alàgbà ń nu ojú. Àtẹ́wọ́ pọ̀ bí òjò orí páànù.

Ó wá kan Cecilia. Ó gbé ọwọ́ lé Raliat léjìká.

"Ẹ bá mi yin Olúwa. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà ọmọ yìí. Ó tú u sílẹ̀ nínú ìdè kan."

Àwọn ènìyàn ní, "Àmín." Ó tán. Ẹnìkan wúkọ́. Alàgbà kan ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Olúwadára tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí i létí: "Ìdè wo? Ṣàlàyé, jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí Olúwa ṣe!"

Raliat gbọ́ ọ. Ó fa aṣọ Cecilia. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

Cecilia wo iwájú. Ó wo Olúwadára. Ó wo Phebe tó ń mi orí. Mímì orí yẹn ló parí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, atọ̀ọ́lé ni ọmọ yìí! Bó ti tó yìí, kò sí alẹ́ tí kì í rẹ ẹní. Ìyá rẹ̀ àgbà ló fi omijé fà á lé mi lọ́wọ́. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, láti ọjọ́ náà, ẹní rẹ̀ gbẹ! Gbẹrẹfu!"

Kò sí ẹni tó ní, "Àmín."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, kínkín, lẹ́yìn náà ó gbòde. Ẹnìkan láti yàrá wọn gan-an ní, "Háà! Ọjọ́ omi garawa!" Gbogbo wọn wá lóye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá sẹ́kọ́ńdìrì wo ilẹ̀.

Cecilia rò pé ọmọ náà yóò sá. Raliat kò sá. Kò sunkún. Ó yọ ọwọ́ Àǹtí kúrò léjìká rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni yọ kòkòrò lára aṣọ. Ó sọ̀rọ̀ ketekete.

"Àǹtí kò gbààwẹ̀. A jọ ń jẹun ni. Wọ́n ń jí mi ni mo fi ń gbẹ. Wọn ò jí mi lánàá, mo sì tọ̀ sílé. Àwọn ló ní kí n fi ewé kókò bo ẹní náà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Àwọn ènìyàn yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

Alàgbà tó ń wo aago lẹ́ẹ̀kan dìde. "Tíṣà, òótọ́ ni?"

Cecilia yíjú sí Olúwadára. Bùrọ̀dá ti fi jígí dúdú padà sójú. Ó ti sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Mo kìlọ̀ fún un," ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "mo ní kí ó ṣọ́ra fún àsọdùn." Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tó ní, "Ṣàlàyé"!

Ìyá Fàtímọ̀ ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ń yà fún un. Kò yára, kò sì pariwo. Ó gun pèpéle, ó bọ́ ìborùn orí rẹ̀, ó fi bo Raliat léjìká. Ó wá kọjú sí Cecilia.

"Mo fi omijé fà á lé ọ lọ́wọ́?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mà..."

"Mi ò sunkún lójú rẹ. Kódà èyí náà, irọ́ ni." Ó wò ó láti orí dé bàtà funfun. "Wàláì, ohun tó ń ṣe ọmọ mi kéré. Bí a bá sá ẹní tirẹ̀ sóòrùn, á gbẹ. Ìwọ, oòrùn wo la ó sá ọ sí?"

Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Phebe sáré kó ẹrù Raliat wá fún wọn. Nígbà tí ọ̀gá sẹ́kọ́ńdìrì tẹ̀lé wọn dé ẹ̀bá títì, tí ó ń sọ pé kí ọmọ náà ṣì wá, pé òun yóò bójú tó o, Raliat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ní òun kò wá mọ́. Sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Òṣogbo ló padà lọ, èyí tí wọ́n ń tilé lọ. Kò dára tó ti àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ yọ Cecilia kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ ọmọdé. Wọ́n fi Phebe ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ó ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ó sì lóun kò lè máa bá ọkùnrin tó ń wọ jígí nínú òjò kiri. Ní ojú ọ̀nà Iléṣà, àwọn ọmọ tó wà ní àgọ́ a máa kí Cecilia láti òdìkejì títì: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Ìwòsàn!" Orúkọ tó ń wá kiri láyé, tó sì rí, nìyẹn.

Ìyá Cecilia kò bú u. Ó kàn bi í ní ọjọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà: "Ta lo ṣe é fún?" Cecilia tẹjú mọ́ ẹ̀wà. Títí dòní, kò tíì dá a lóhùn.

Ó tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà kí ó tó kó ara rẹ̀ jọ, kí ó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Ó bèèrè ilé aláró, wọ́n fi hàn án. Raliat ló bá nídìí ìkòkò, ó ti di ọ̀dọ́bìnrin, ó ń fi igi yí aṣọ. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan jókòó lóde, wọ́n ń dúró de aṣọ wọn.

Raliat kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìrìn."

"Raliat, èmi ni. Cecilia."

"Mo mọ̀ yín, mà." Ó gbé àpótí fún un, ó fi etí ìró nù ún kí ó tó jókòó. Ó bu omi tútù fún un. Kò sí ohun tó ṣe tí kò bá ẹ̀kọ́ ilé mu.

Cecilia mu omi. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé a lè wọ inú ilé? Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ìwọ nìkan."

"Ọ̀rọ̀ wa àtijọ́ ni, mà?"

"Òun ni."

Raliat nu ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá. "Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ìyá tó wà lóde yìí wọlé, mà. Màá pe àwọn ará ilé kejì náà. Kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ."

Ó dúró, ó ń wò ó. Ó ń retí èsì bí ọmọ tó mọ̀wà ṣe ń retí èsì àgbà.

Cecilia tó fẹ́ràn ojú ènìyàn bí ẹyẹlé ṣe fẹ́ràn àgbàdo, kò lè sọ ọ́. Ó gbé ife omi kalẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan, òun kàn ní kí òun yà kí i ni. Raliat sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó tún kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, mà," ó sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́, ẹ ti gbọ́. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní Ọlọ́run ti dárí jì í. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Raliat kò tíì sọ pé òun dárí jì í, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò sì ní bá a bẹ̀ ẹ́.